Ẹ̀yìn Pósítà

Ọnọrébù, ẹ yí ìwé yìí padà kí ẹ tó jù ú nù.
Ìdajì ojú yín ló wà níwájú rẹ̀,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, etí fìlà yín tó gẹ̀;
ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ̀wé sí.
Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Ṣómólú.
Èmi ni mò ń ka pósítà yín ní ọgọ́ọgọ́rùn-ún.
Èyí tí íǹkì bà jẹ́, wọ́n ní kí n dà á nù.
N ò dà á nù. Bébà wọ́n.

Sàídátù lorúkọ mi. Àbúrò mi ni Tiámíyù,
ẹni tó ń gé bébà láìlo rúlà,
ojú ló fi ń wọ̀n ọ́n,
etí bébà á sì tò bíi sáfù lọ́jọ́ Jímọ̀.
Ó di ọdún mọ́kànlá báyìí
tí ẹ̀rọ ìgébébà kọ́kọ́ pè é lórúkọ,
tó ní kó gbé ọwọ́ wá.
Wọ́n mú iná lọ.
Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn láyé mi
tí mo dúpẹ́ pé wọ́n mú iná lọ.

Wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ.
Ta ló pa òwe yẹn? Òǹwòran ni.
A ti bí i ná.
Ìsàlẹ̀ Èkó ni màmá wa bí i sí, wọ́n pa àgbò,
nígbà tí màmá ń lọ, ó di ọwọ́ mi mú,
kò dárúkọ ilé, kò dárúkọ góòlù,
ó ní, “Tiámíyù.”
Ogún tèmi nìyẹn.

Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wà létí ìró mi, mo ta á ní kókó méjì.
Bí mo bá sùn, ojú kan ló ń sùn,
èkejì ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.
Lọ́jọ́ Yábàá, aago mẹ́rin ìdájí la ti ń múra.
Ṣòkòtò aláwọ̀ ewé ló máa ń fẹ́ wọ̀,
ó ní òun ni dókítà fi mọ òun.
A tò. Ìyá kan láti Ìkòròdú ń fi búrẹ́dì bọ́ ọmọ rẹ̀
tó ti lé lógójì ọdún,
ó ń gbọn èérún kúrò nínú irùngbọ̀n rẹ̀.
Kò sẹ́ni tó bi í pé, ìyá, ìwọ ńkọ́, o ti jẹun?

Dókítà kọ oògùn oṣù kan.
Owó mi ra ti ọjọ́ mọ́kànlá.
Ní ọjọ́ kejìlá, ẹ wá wo àdúgbò wa,
bí wọ́n ti ń gbé fóònù sókè.
Ní ààwẹ̀ èṣí, ọlọ́pàá tì í mọ́ àwọn olè.
Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni bélì;
abẹ́ ògiri yẹn náà ni mo ti sanwó.
Láńlọ́ọ̀dù ní òun ò bínú o,
ṣùgbọ́n kí n máa wá ilé.

N ò tọrọ ìrẹsì. Ẹ ti fún wa ní ìrẹsì,
ojú yín wà lára àpò yẹn náà.
Kí oògùn yìí dé ọsibítù tó wà lẹ́yìn ilé wa.
Kí ẹnìkan tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ bá mi jókòó tì í
lọ́jọ́ kan péré lóṣù, kí n lè sùn.
Mo ní sùn, Ọnọrébù. N ò ní òde kankan í lọ.
Bí ẹ bá sì ń jókòó ṣòfin nípa irú wọn ní Aláùsá,
ẹ fi àga kan sílẹ̀
fún àwa tí à ń fọ aṣọ wọn.

Ó kù díẹ̀.
Ẹ fọwọ́ ra etí ìwé tí ẹ mú dání yìí.
Ó gún régé, àbí?
Ara rẹ̀ balẹ̀ lánàá.
Mo fún un ní ọ̀bẹ, mo jókòó tì í,
n ò mí.
Òun ló gé e.